Ibo ni kí n so bẹ́líìtì èjìká mọ́ nínú bàálù tí mo ń kàn fúnra mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Texas ni mo ń gbé. Mo ń kan bàálù oníjòókòó kan nínú gáréèjì mi. Páìpù irin 4130 (irú irin líle tí wọ́n sábà fi ń kan bàálù) tí a jó pọ̀ ni egungun rẹ̀, mi ò sì tíì fi aṣọ bò ó. Àwòrán iṣẹ́ tí mo rà ti pẹ́, bẹ́líìtì ìbàdí nìkan ló wà nínú rẹ̀, mo sì fẹ́ fi ti èjìká kún un. Ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń fi mọ́tò sáré ìdíje ti fún mi ní bẹ́líìtì olókùn márùn-ún tó lò kù. Ṣé mo lè lò ó? Ibo ni kí n so ó mọ́, irú bóòtì wo ni kí n fi so ó, báwo ni màá sì ṣe mọ̀ pé kò ní já lọ́jọ́ tí mo bá nílò rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn ìbéèrè yín bẹ̀rẹ̀. Bẹ́líìtì kì í sábà já. Bí ewúrẹ́ bá ń jà lórí ìso, èèkàn ló máa ń fà tu, okùn á ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bó ṣe máa ń rí nínú bàálù kékeré náà nìyẹn: irin tí a so bẹ́líìtì mọ́ á tẹ̀ tàbí kó ya, tàbí kí gbogbo rẹ̀ dúró digbí ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé ọ̀nà tí bẹ́líìtì gbà kọjá lára awakọ̀ ló ṣe é léṣe. Ibi tí ẹ so ó mọ́ àti apá ibi tó ti ń fà ló yẹ kí ẹ fi ọ̀pọ̀ àsìkò yín rò. Ríra bẹ́líìtì ló rọrùn jù nínú iṣẹ́ náà.

Pé ẹ fẹ́ fi ti èjìká kún un dára gan-an. Lọ́dún 1985, àjọ NTSB tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn bàálù kéékèèké. Nínú àwọn ìjàǹbá tí ènìyàn lè yè, wọ́n rí i pé ogún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó kú ni ì bá yè ká ní wọ́n de bẹ́líìtì èjìká, ọgbẹ́ ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó fara pa gidi ni ì bá sì fúyẹ́ ju bó ṣe rí lọ. Ìbàdí nìkan ni bẹ́líìtì ìbàdí ń dì mú. Àyà àti orí á ṣẹ́ po síwájú, pátákó ohun èlò ló sì máa ń dúró dè wọ́n níbẹ̀. Nínú bàálù oníjòókòó kan, tí àyè inú rẹ̀ há, kò sí ibi tí orí lè gbà tí kò ní kan nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká fi iye sí i, nítorí iye ló ń sọ bí irin ṣe máa nípọn tó. Ká ní bàálù yín ń sáré máìlì 52 ní wákàtí kan, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 84, nígbà tó kan ilẹ̀ tàbí ògiri igbó, tó sì rọra rún títí ó fi dúró láàárín mítà mẹ́ta péré. Agbára tó máa gbá gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ síwájú á tó ìlọ́po mẹ́sàn-án ìwúwo wọn, ohun tí a ń pè ní 9 g. Kì í ṣe pé mo ṣa iye yìí: òun náà ni òfin àtijọ́ Amẹ́ríkà fún bàálù kékeré lò, 9 g síwájú, 3 g sókè, 1.5 g sí ẹ̀gbẹ́. Ara ènìyàn lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa bí a bá dì í bó ṣe yẹ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1954, ní Holloman ní New Mexico, dókítà ológun John Stapp jókòó sórí ọkọ̀ onírọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó ń sá lórí irin, ó sì gba 46.2 g nígbà tí wọ́n fi bíréèkì dá a dúró. Ojú rẹ̀ pọ́n, kò ríran fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó yè, ó sì pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Nítorí náà, iṣẹ́ wa ni pé kí ìdè àti ibi ìso má ṣáájú ara ya.

Òfin àtijọ́ fi ènìyàn kan sí pọ́ùn 170, ìyẹn kílò 77. Ẹ fi 9 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 1,530. Ẹ tún fi 1.33 sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí pé ojú ìso ló máa ń kọ́kọ́ yọnu, ó di pọ́ùn 2,035. FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, pín in báyìí: ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ sí ìbàdí, ìdá ogójì sí èjìká. Ìyẹn ni pé ìbàdí á gba pọ́ùn 1,221 (kílò 554), èjìká á gba pọ́ùn 814 (kílò 369). Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ṣì wọn kílò 77 pẹ̀lú bàtà àti aṣọ òtútù? Òfin tó tẹ̀lé e gbé ènìyàn sí pọ́ùn 215. Ẹni tó bá wọn kílò 100, pọ́ùn 1,053 ni tirẹ̀ lórí èjìká, 1,580 lórí ìbàdí. Ìwọ̀n ara yín ni kí ẹ fi ṣe é. Èmi á máa lo 814 nínú ìdáhùn yìí kó lè bá ti ìwé FAA mu. Ẹ̀yin ẹ ṣe àfikún tó yẹ yín.

Ó yá, ká wá sí igun. Ẹ jókòó sínú bàálù náà, lórí tìmùtìmù tí ẹ máa lò gan-an, tí ó ti tẹ̀ dé ibi tó máa tẹ̀ dé. Kí ẹnì kan fi àmì sí gíga àárín èjìká yín lára páìpù ẹ̀gbẹ́. Láti ibẹ̀, ẹ na okùn tín-ín-rín lọ sẹ́yìn. Ibi tí ẹ máa so bẹ́líìtì mọ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín ìlà tó tẹ́ gbọọrọ àti díígírì 30 sókè. Bí kò bá sí bí ẹ ṣe lè ṣe é, díígírì 5 sísàlẹ̀ ni ìpẹ̀kun. AC 43.13-2B, ìwé ìtọ́sọ́nà FAA, ló sọ bẹ́ẹ̀ ní orí kẹsàn-án rẹ̀, ẹ sì lè fi fóònù yín wọn igun náà.

Kí ló burú nínú kí a so ó sísàlẹ̀, bóyá mọ́ páìpù ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ìjókòó, tó rọrùn jù? Ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Bí bẹ́líìtì bá gba orí èjìká kọjá tó sì rọ̀ sísàlẹ̀ lẹ́yìn ní díígírì 30, ìdajì agbára tó wà nínú rẹ̀ á máa tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Nínú 814, pọ́ùn 407 nìyẹn, kílò 185, tó ń rún eegun ẹ̀yìn láti òkè wá lásìkò kan náà tí ìjókòó ń gbá a láti ìsàlẹ̀. Ní díígírì 45, ó ti ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Ọ̀pọ̀ bàálù tí wọ́n kàn nílé ni mo ti rí àṣìṣe yìí nínú rẹ̀, nítorí pé páìpù kan ti wà nílẹ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá sì so ó ga jù, kò ní di èjìká mú dáadáa, àyà á ti rìn jìnnà síwájú kó tó mú un.

Ìjìnnà náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Aṣọ bẹ́líìtì máa ń nà bí agbára bá dé bá a, nylon sì máa ń nà ju polyester lọ. Bí èyí tí ẹ ní bá nà ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́líìtì tó gùn ní ìdajì mítà lẹ́yìn èjìká á fún orí yín ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí i. Èyí tó gùn ní mítà kan ààbọ̀ á fún un ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó láti dé pátákó ohun èlò. Bí ibi ìso tó dára bá jìnnà sẹ́yìn, ẹ má fi aṣọ bẹ́líìtì dé ibẹ̀. Ẹ lo wáyà irin 7x19 (okùn méje tí a lọ́ pọ̀, wáyà mọ́kàndínlógún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan) tó nípọn ní ínṣì 1/8, tí wọ́n fi zinc bò. Pọ́ùn 2,000 ni agbára rẹ̀ kó tó já. Kí ẹ fi Nicopress, ìyẹn òrùka bàbà tí a ń tẹ̀ mọ́ wáyà, tẹ ojú rẹ̀ pa, kí ẹ sì fi ìwọ̀n tó bá irinṣẹ́ náà wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn títẹ̀. Bẹ́líìtì á wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó gan-an.

Ibi tó ṣòro jù nìyí. Nínú bàálù irú tiyín, páìpù ìdábùú kan máa ń wà lẹ́yìn ìjókòó ní gíga èjìká, èrò tó sì kọ́kọ́ ń wá sí ẹni lọ́kàn ni pé kí a so bẹ́líìtì méjèèjì mọ́ àárín rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní páìpù náà fẹ̀ ní ínṣì 3/4, ara rẹ̀ nípọn ní 0.035, ó sì gùn ní ínṣì 24. Pọ́ùn 814 ń fà á síwájú láti àárín gbùngbùn. Wàhálà tó máa wà nínú irin náà á tó nǹkan bíi 363,000 psi (pọ́ùn lórí ínṣì kan níbùú lóròó). Irin 4130 bó ṣe ń ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á wá, nǹkan bíi 90,000 sí 95,000 ló ń já. Bí ẹ bá tilẹ̀ sọ pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì páìpù náà le gírígírí lójú ìjópọ̀, 182,000 ló ṣì máa jẹ́, ìlọ́po méjì ohun tó lè gbà. Páìpù náà á tẹ̀ síwájú kó tó kan ìdajì ọ̀nà, orí á sì bá a lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á wá ní àwọn máa fi páìpù tó nípọn rọ́pò rẹ̀. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó wúwo, kò sì pọn dandan. Ẹ mú páìpù méjì tó fẹ̀ ní ínṣì 5/8, tó nípọn ní 0.035. Kí ẹ jó orí wọn pọ̀ mọ́ àárín páìpù ìdábùú, níbi tí bẹ́líìtì máa wà gan-an, kí wọ́n sì là sẹ́yìn bí lẹ́tà V lọ bá ojú ìpàdé páìpù méjì tó tẹ̀lé e lórí páìpù gígùn òkè, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí ojú ìpàdé yẹn bá wà ní ínṣì 24 sẹ́yìn, tí wọ́n sì jìn sí àárín ní ínṣì mẹ́wàá mẹ́wàá, páìpù kọ̀ọ̀kan á gba pọ́ùn 441 ní fífà tààrà, wàhálà inú rẹ̀ kò sì ní ju 6,800 psi lọ. Láti 363,000 sí 6,800, pẹ̀lú irin tí kò tó kílò kan. Ẹ rí i pé páìpù tó ń tẹ̀ ló ń jìyà. Èyí tí a ń fà ní gígùn kì í mọ̀ ọ́n lára. Kí igun V náà tẹ̀lé igun bẹ́líìtì bó bá ti ṣeé ṣe tó, kí bẹ́líìtì àti páìpù wà lórí ìlà kan.

Nítorí pé ẹ ò tíì fi aṣọ bò ó, àsìkò nìyí láti jó o. Bí aṣọ bá ti wà lára rẹ̀, iná àti ọ̀dà aṣọ bàálù kì í gbé inú ilé kan náà, ó sì di dandan kí ẹ lo irin tí a fi ń di páìpù lámùrè, èyí tí a ń fi bóòtì so. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lu páìpù gígùn ní ihò láti ki bóòtì bọ̀ ọ́. Ihò ínṣì 5/16 lára páìpù 3/4 máa ń kó ju ìdá kan nínú mẹ́rin ara rẹ̀ lọ, omi á sì wá ọ̀nà wọlé.

Etí irin tí bóòtì máa gbà kọjá: ẹ gé e láti ara irin pẹlẹbẹ 4130 tó nípọn ní 0.090, kó fẹ̀ ní ínṣì kan. Ihò rẹ̀ jẹ́ 5/16. Láti àárín ihò dé ìpẹ̀kun irin náà, ní apá ibi tí bẹ́líìtì ti ń fà á, gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì fífẹ̀ bóòtì, ìyẹn ínṣì 5/8. Irú etí bẹ́ẹ̀ á gba ju pọ́ùn 4,000 lọ kó tó ya, nítorí náà kò sí ewu nínú nínípọn rẹ̀. Ewu wà nínú ibi tó kọjú sí. Etí náà gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí bẹ́líìtì ti ń fà á, kí agbára máa rìn nínú ara irin náà ní gígùn. Bí ẹ bá jó o kó dábùú, fífà á máa tẹ̀ ẹ́ bíi páànù, ojú ìjó á sì là lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ so okùn mọ́ ọn kí ẹ tó jó o pátápátá, kí ẹ fa okùn náà wá sí èjìká ẹni tó jókòó, kí ẹ sì yí etí náà títí ó fi bá okùn mu. Jó o díẹ̀ lójú méjì, yẹ̀ ẹ́ wò, kí o tó parí rẹ̀ ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ojú ìjó tutù fúnra rẹ̀. Ẹ má da omi sí i.

Bóòtì AN5 (AN ni àmì ìlànà bóòtì bàálù), ìyẹn ínṣì 5/16, ló tó fún gbogbo ibi ìso. Agbára rẹ̀ bí a bá fẹ́ gé e lójú kan jẹ́ pọ́ùn 5,750. AN4 náà tó lórí ìwé, ó ń gba 3,680, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ìwúwo wọn kò tó nǹkan. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni irú nọ́ọ̀tì. Irin ẹnu bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ lè yí lórí bóòtì kó lè máa tẹ̀lé ìlà fífà. Bí ẹ bá fi sípánà mú un pinpin, kò ní lè yí, aṣọ á sì máa fà lórí etí kan ṣoṣo títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya láti ibẹ̀. Nítorí náà: bóòtì tó ní ihò lẹ́nu (tí kò sí lẹ́tà A lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀), búùṣì irin (páìpù kúkurú tí bóòtì ń gba inú rẹ̀) tó gùn díẹ̀ ju nínípọn ẹnu bẹ́líìtì lọ, wọ́ṣà, nọ́ọ̀tì oníyàrà AN310, àti kọ́tà-pín. A ó mú nọ́ọ̀tì náà le mọ́ búùṣì, irin ẹnu bẹ́líìtì á sì máa yí lórí búùṣì. Láàárín 100 sí 140 ínṣì-pọ́ùn ni ìwọ̀n mímú AN5 le. Ẹ ṣọ́ra kí apá bóòtì tó ní ìlà tí nọ́ọ̀tì ń yí lé má bọ́ sínú ihò etí irin. Ibi tó dán ló yẹ kó gbé ẹrù. Bóòtì ọjà tí kò ní àmì lórí kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Ti AN máa ń ní àgbélébùú lórí.

Bẹ́líìtì ìbàdí tó wà nínú àwòrán yín, ẹ má gbà pé ó ti tọ́. Ẹ wọn igun rẹ̀ pẹ̀lú ìlà tó tẹ́: láàárín díígírì 45 àti 55 ló yẹ kó wà. Bó bá tẹ́ jù, bẹ́líìtì á gun orí ikùn, ìfun àti ẹ̀dọ̀ ló sì máa gba ohun tí eegun ìbàdí ì bá gbà. Bó bá dúró ṣánṣán jù, ẹ wo ìṣirò rẹ̀: ní díígírì 50, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan á ní pọ́ùn 950 nínú láti lè fún wa ní ìdajì 1,221 síwájú. Ní díígírì 75, ó di nǹkan bíi 2,360. Ènìyàn á sì ti yọ́ síwájú kó tó mú un. Ibi ìso gbọ́dọ̀ wà lójú ìpàdé páìpù, kì í ṣe lára pátákó ìjókòó. Bí bẹ́líìtì bá gba inú ihò pátákó ìjókòó kọjá, ẹ fi rọ́bà tàbí irin kíká bo etí ihò náà. Páànù tí a kò bò máa ń jẹ aṣọ bẹ́líìtì díẹ̀díẹ̀ nípa ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì, abẹ́ ìjókòó sì ni ó ti ń jẹ ẹ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò.

Okùn karùn-ún, èyí tó gba àárín itan, kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Bí bẹ́líìtì èjìká méjì bá so mọ́ ẹnu ìdè ìbàdí, tí ara sì fẹ́ lọ síwájú, wọn á fa ìdè náà gòkè kúrò lórí eegun wá sórí ikùn. Ìdí á wá yọ́ gba abẹ́ rẹ̀ lọ. Okùn karùn-ún ló ń di ìdè náà mọ́lẹ̀. Bí ìjókòó yín bá tẹ̀ sẹ́yìn bíi ti ọ̀pọ̀ bàálù oníjòókòó kan, ó pọn dandan lójú tèmi. Agbára tó ń gbà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ so ó mọ́ páìpù lábẹ́ ìjókòó. Kí ẹ tó so ó, ẹ fa ọ̀pá ìdarí sẹ́yìn dé òpin, kí ẹ sì tì í sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá kan ẹnu ìdè, ẹ ti pàdánù apá kan ìdarí bàálù náà, ìyẹn sì léwu ju kí ẹ má ní okùn karùn-ún lọ.

Ní ti bẹ́líìtì ọ̀rẹ́ yín: ẹ wá lébẹ́ẹ̀lì tó wà lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ SFI 16.1, ìlànà kan fún bẹ́líìtì mọ́tò ìdíje, ọdún méjì ni ìlànà ìdíje fi gbà pé aṣọ rẹ̀ ń dára, lẹ́yìn náà ẹni tó ṣe é ní láti fi aṣọ tuntun sí i. Oòrùn ló ń pa á. Kò sí òfin tó de bàálù tí ẹ kàn fúnra yín mọ́ TSO-C22 tàbí TSO-C114, ìlànà FAA fún bẹ́líìtì bàálù, bó ṣe de ti ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ aṣọ tó ti gbó di tuntun. Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá ọkọ̀ ọ̀rẹ́ yín ti kọlu nǹkan rí pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má lò ó rárá. Aṣọ tó ti nà lẹ́ẹ̀kan kì í padà sípò. Àwọn ohun mìíràn tó ń fa ìjọ̀gbọ̀n ni pé ihò ẹnu irin ti mọ́tò ìdíje sábà máa ń jẹ́ 7/16. Bóòtì 5/16 á máa mì nínú rẹ̀ láìsí búùṣì. Bí ẹnu rẹ̀ bá sì jẹ́ irin ìkọ́, ẹ fi kọ́tà-pín sí i, nítorí pé ìkọ́ lè yọ bí bẹ́líìtì bá dẹ̀. Ẹ má gbé e lọ fún télọ̀ kó gé e kúrú kó sì tún un rán. Òwú àti ìlà ìrán náà ní ìwọ̀n agbára tirẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ kò sì lè fún un ní ìyẹn. Tó bá gùn jù, ẹ fi irin olójú mẹ́ta fà á kúrú, kí ẹ dá ìrù rẹ̀ padà gba ojú irin náà lẹ́ẹ̀kejì, kó sì ku ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá níta. Èyí tí a kò dá padà ló máa ń yọ́ jáde. Lójú tèmi, ẹ dá a padà fún ọ̀rẹ́ yín pẹ̀lú ọpẹ́, kí ẹ ra polyester tuntun tó fẹ̀ ní ínṣì méjì.

Tìmùtìmù náà wà nínú iṣẹ́ yìí. Fóòmù rírọ̀ tó nípọn máa ń jẹ́ kí ìdí rì nígbà tí bàálù bá gbá ilẹ̀, bẹ́líìtì tí ẹ ti fà le á sì dẹ̀ lójijì. Ẹ lo fóòmù líle tó máa ń rọra tẹ̀, irú Confor, kó má sì nípọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ béèrè bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé kò ní já. Ẹ jó etí irin kan sí i lára páìpù àjákù bíi tinú bàálù, kí ẹni kan náà jó o lọ́jọ́ kan náà. Ìyẹn ni kí ẹ fà kọjá 814 tàbí iye tó bá ìwọ̀n ara yín mu, kí ẹ tún fà á títí yóò fi ya bí ẹ bá lè ṣe é, kí ẹ lè rí ibi tó ti ya: bó bá jẹ́ ojú ìjó, kò dára. Nínú bàálù gan-an, ẹ dúró ní pọ́ùn 612, èyí tó jẹ́ ìpín èjìká nínú 9 g láìsí 1.33. Ẹ fi ohun èlò fífà oníṣéènì àti òṣùwọ̀n tí wọ́n ń fi kọ́ ẹrù sáàárín ibi ìso àti ojú ìpàdé páìpù tí ẹ́ńjìnnì ń so mọ́ níwájú, kí egungun bàálù fúnra rẹ̀ máa ta ko agbára náà. Ẹ wọn láti ibi ìso dé ibi kan tí kò ní yẹ̀ kí ẹ tó fà á, kí ẹ fà á dé 612, kí ẹ jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ tú u, kí ẹ sì tún un wọn. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, nǹkan kan ti tẹ̀. Ẹ da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ṣéènì, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sí ìlà fífà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ de ti ìbàdí kó le kí ẹ tó fa ti èjìká; bí ẹ bá yí i padà, ti èjìká á ti gbé ìdè gòkè. Bí gbogbo rẹ̀ ti le yẹn, ẹ na ọwọ́ sí kọ́ọ̀kì epo, sí súìṣì máníẹ́tò, sí ìlẹ̀kùn. Èyí tí ọwọ́ kò bá dé, ẹ gbé e súnmọ́ yín, ẹ má dẹ bẹ́líìtì nítorí rẹ̀. Ẹ wo apá ibi tí ìdè ń ṣí sí, kí ọwọ́ aṣọ yín má lè ṣí i fúnra rẹ̀. Ẹ tún wá ibi tí ìrù bẹ́líìtì máa wà: ìrù tó bá yọ síta ìlẹ̀kùn á máa na ara bàálù lókè bí ìbọn, ó sì ti mú ọ̀pọ̀ awakọ̀ balẹ̀ nínú oko olóko nítorí wọ́n rò pé ẹ́ńjìnnì ló fẹ́ kú.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ bàálù náà: ọjọ́, irú bẹ́líìtì àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ìwọ̀n páìpù tí ẹ fi kún un, iye tí ẹ fà á dé. Kí ẹ tún ìwúwo bàálù wọ̀n. Ní àyẹ̀wò ọdọọdún, ẹ yọ tìmùtìmù, kí ẹ fọwọ́ pa gbogbo gígùn bẹ́líìtì láti ibi ìso dé ẹnu ìdè. Ibi tó bá gan bíi páálí, tó ti ṣí àwọ̀, tàbí tí òwú etí rẹ̀ ti já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ọṣẹ àti omi lásán ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́.